Orí Kẹfà: Bí Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Ń Gbé Ọ́síjìn àti Bó Ṣe Ń Sọ̀ Ọ́ Kalẹ̀

Ẹni tó bá ti dúró ti alápatà rí ní kùtùkùtù, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kun màlúù, ti rí ohun tí orí yìí dá lé lórí. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú agbada, ó ti dì bí ẹ̀kọ tútù, òkè rẹ̀ sì pupa fòò. Ṣùgbọ́n bí alápatà bá fi ọ̀bẹ là á sí méjì, inú rẹ̀ ṣókùnkùn bíi sóbò tí wọ́n sè tó ki. Ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà yẹn rí afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀, òun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ní ọdún 1669, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Lower, kọ irú nǹkan báyìí sínú ìwé rẹ̀ lórí ọkàn. Ó dojú ẹ̀jẹ̀ dídì délẹ̀, ó rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó dúdú di pupa, ó sì sọ pé afẹ́fẹ́ ló fà á. Ó ṣì ku bí ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà náà kí ẹnikẹ́ni tó ṣàwárí ọ́síjìn.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Màlúù yẹn ti kú, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gba ọ́síjìn mọ́ra. A jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀mí ló ń fa ọ́síjìn wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Felix Hoppe-Seyler, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì, ló fún un ní orúkọ tí a fi ń pè é títí dòní ní 1864: hẹmoglóbìn.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n ní ká há sórí ni pé hẹmoglóbìn ń gbé ọ́síjìn. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Alábàárù tó gbé ẹrù yín láti ọjà dé ẹnu ọ̀nà, tó wá kọ̀ tí kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò ṣe yín lóore kankan. Ibi tí iṣẹ́ hẹmoglóbìn ti le ni pé ó gbọ́dọ̀ di ọ́síjìn mú ṣinṣin nínú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́ ní kété tó bá dé ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló ń ṣe méjèèjì, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan péré tí ẹ̀jẹ̀ fi ń yí ara ká.

Irin tí kì í dípẹtà

Irin ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí àgbẹ̀ bá gbàgbé ọkọ́ sínú oko lásìkò òjò. Irin, omi àti ọ́síjìn á pàdé, ọkọ́ á sì dípẹtà. Ìpẹtà ni ọ́síjìn tí irin gbà tí kò lè jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. Bí irin inú ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣe bíi ti ọkọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò gba ọ́síjìn, iṣẹ́ á sì parí.

Ohun tó ń gba irin ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni ilé tó ń gbé. Ẹyọ hẹmoglóbìn kan jẹ́ ẹ̀wọ̀n purotéènì mẹ́rin tó lọ́ mọ́ra wọn: méjì jẹ́ ẹ̀wọ̀n α, méjì yòókù jẹ́ ẹ̀wọ̀n β. Ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan ká jọ débi pé ó ní àpò kan lára, inú àpò náà ni ohun pẹrẹsẹ kan bí àwo wà, tí à ń pè ní hímù. Átọ̀mù irin kan ṣoṣo ló wà láàárín àwo yìí. Átọ̀mù náítírójìn mẹ́rin ti àwo náà dì í mú yíká. Ìkarùn-ún, tó jẹ́ ti àmínò ásíìdì kan tó ń jẹ́ hístídìnì, dì í mú láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kẹfà ló ṣófo. Ibẹ̀ ni ìjókòó ọ́síjìn.

Ògiri àpò náà dàbí ohun tí a fi epo pa: kì í fẹ́ kí omi wọlé. Ó tún ń ya hímù kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Nítorí náà ọ́síjìn lè wá jókòó ti irin, kó sì dìde lọ, láìjẹ́ pé irin náà dípẹtà. Bí a bá yọ hímù kúrò nínú àpò yìí, tí a jù ú sínú omi lásán, kíá ni irin rẹ̀ á bàjẹ́. Nínú ara náà, díẹ̀ lára irin wọ̀nyí ṣì máa ń yí padà sí irú tí kò lè gbé ọ́síjìn mọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńsáìmù kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń dá a padà sí bó ṣe wà lójoojúmọ́.

Ìṣirò kan tí ẹ ó fi ọwọ́ ara yín ṣe

Ọ́síjìn lè yòrò sínú omi ẹ̀jẹ̀ láìsí hẹmoglóbìn rárá. Kí ló dé tí ara ò kàn lo ìyẹn? Ẹ mú bírò. Nínú lítà kan ẹ̀jẹ̀ tó ń kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, nǹkan bíi mílílítà 3 ọ́síjìn péré ló yòrò. Ọkàn àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú nǹkan bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kan. Mílílítà 15 nìyẹn. Ara ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sì ń ná nǹkan bíi mílílítà 250 ní ìṣẹ́jú kan. Kò tó, kò sún mọ́ ọn.

Ẹ wá fi hẹmoglóbìn kún un. Lítà ẹ̀jẹ̀ kan tó dára ní nǹkan bíi gírámù 150 hẹmoglóbìn, gírámù kọ̀ọ̀kan sì lè gbé mílílítà 1.34. Ẹ sọ ọ́ dọ̀pọ̀: mílílítà 201. Nínú lítà 5, ó lé díẹ̀ ní 1,000. Nínú 1,000 yìí, 250 ni ara ná. Ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sọ́dọ̀ ọkàn, ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní ẹ̀jẹ̀ tí a ti lò, ṣì ru ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù rẹ̀. Ìpamọ́ ni. Ọjọ́ tí ẹ bá sáré lé mọ́tò ni yóò wúlò fún yín.

Sẹ́ẹ̀lì pupa fi gbogbo ohun tó ní jìn fún iṣẹ́ yìí. Kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ju kókó àárín rẹ̀ nù kí àyè lè wà. Nǹkan bí ẹyọ hẹmoglóbìn mílíọ̀nù 270 ló kún inú ọ̀kan ṣoṣo, yóò sì ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó gbó.

Èrò mẹ́rin, ọkọ̀ kan

Ìjókòó mẹ́rin ló wà nínú hẹmoglóbìn kan, wọn ò sì dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Yóò tètè yé ẹni tó bá mọ ìwà èrò ní gáréèjì. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ wọ kórópe tó ṣófo. Wọ́n á dúró lábẹ́ igi, wọ́n á máa wò ó. Bí ẹnì kan bá wọlé, ìkejì á tẹ̀ lé e. Bó bá ku ìjókòó kan ṣoṣo, sísáré ni wọ́n máa ń sá dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni hẹmoglóbìn rí: ọ́síjìn àkọ́kọ́ kì í rí àyè wọlé bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó, ó ti ṣí ọ̀nà fún àwọn tó kù.

Èrò gáréèjì ní ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn. Ọ́síjìn kò ní ojú. Báwo wá ni ìjókòó kan ṣe ń mọ̀ pé ẹnì kan ti jókòó sórí èkejì? Max Perutz, tí wọ́n bí ní Vienna ní 1914, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn yìí ní Cambridge ní 1937. Ó lé ní ogún ọdún kó tó rí bí hẹmoglóbìn ṣe rí gan-an, nípa títan ìtànṣán X sí i lára, kó sì máa fi ìṣirò wá ibi tí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà. Ní 1962, wọ́n fún òun àti John Kendrew ní ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísìrì.

Ohun tó rí nìyí. Nígbà tí ìjókòó ṣófo, irin kì í wà láàárín àwo hímù gẹ́lẹ́. Ó yọrí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ hístídìnì tó dì í mú. Bí ọ́síjìn bá dé, ó fa irin náà wọlé sí àárín àwo. Ibi tí irin náà rìn dé kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá mílímítà. Ṣùgbọ́n irin ń fa hístídìnì, hístídìnì ń fa ẹ̀wọ̀n tó so mọ́, ẹ̀wọ̀n yẹn ń ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí gbogbo ilé á fi yí nǹkan bíi dígírì 15. Ipò méjì ni hẹmoglóbìn ní: ipò T, tí ara rẹ̀ le tí kò sì fẹ́ gba ọ́síjìn, àti ipò R, tí ara rẹ̀ dẹ̀ tó sì ń gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ́síjìn tó kọ́kọ́ wọlé ń fa ilé náà kúrò ní T lọ sí R. Bí ọ̀kan bá sì ti jáde, ilé náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí T, àwọn tó kù á sì tètè bọ́ sílẹ̀. Mo ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́, kò tíì sú mi rí: irin kan mira díẹ̀, odindi ẹ̀dá sì ń mí.

Ìlà tó dàbí S

Ẹ fa ìlà méjì sórí ìwé gíráàfù. Ìlà ìsàlẹ̀ ni ìfúnpá ọ́síjìn, tí a fi mílímítà mẹ́kúrì wọ̀n, tí a ń kọ ní mmHg. Ìlà òró ni iye ìjókòó tó kún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi àmì sí àwọn ibi wọ̀nyí: ní 20 mmHg, nǹkan bí 35 ló kún, ní 27, ìdajì, ní 40, 75, ní 60, 90, ní 100, nǹkan bí 97. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀, ìlà náà á tẹ̀ bíi lẹ́tà S tí wọ́n fà nà.

Ẹ wo òkè ìlà náà. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìfúnpá ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ nǹkan bí 100, ṣùgbọ́n bó tilẹ̀ já wálẹ̀ sí 60, nítorí òtútù àyà tàbí nítorí pé ẹni náà gun òkè ńlá, ìjókòó tó ṣófo kò ju nǹkan bíi mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ wá wo àárín rẹ̀, láti 40 sí 20. Ibẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Inú ara tó sinmi ni 40 yẹn wà. Inú iṣan tó ń ṣiṣẹ́ kára ni 20. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ń mú kí hẹmoglóbìn sọ nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ibi tó yẹ kó ti dì í mú, ó dì í mú láìka wàhálà sí. Ibi tó yẹ kó ti jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀ nítorí ohun díẹ̀.

Kí ẹ lè mọ rírì ìtẹ̀sí yìí, ẹ fi í wé maioglóbìn inú iṣan, tó ní ìjókòó kan ṣoṣo. Kò ní ẹlòmíràn tí yóò bá sọ̀rọ̀. Ó di ọ́síjìn mú débi pé ní 40 mmHg, ó ṣì kún tó 90 lé nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dára fún ìpamọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ló ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ebi ọ́síjìn á pa ara nígbà tí ọ́síjìn kún inú ẹ̀jẹ̀ bámúbámú.

Bí iṣan ṣe ń béèrè

Ẹ wo ẹni tó ń gún iyán. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, apá rẹ̀ á gbóná, òógùn á bò ó. Nínú iṣan apá yẹn, kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ń pọ̀, ásíìdì ń pọ̀, ooru ń pọ̀. Ní 1904, Christian Bohr àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Copenhagen fi hàn pé kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ jọ̀wọ́ ọ́síjìn. Ásíìdì ń kín ipò T lẹ́yìn, nítorí ó ń mú kí àwọn ìdè tó so ẹ̀wọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ní ipò náà le sí i. Ooru náà ń tú ọwọ́ hẹmoglóbìn lára ọ́síjìn. Nítorí náà, apá tó ń gún iyán ń gbà ju etí tó kàn ń gbọ́ ìró odó lọ, láti inú ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ìdọ̀tí iṣẹ́ ló ń béèrè ohun tí iṣẹ́ nílò. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀rọ̀ yí padà: kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ń jáde, ásíìdì ń dínkù, hẹmoglóbìn á sì tún la ọwọ́ gba ọ́síjìn.

Ohun kan tún wà tí sẹ́ẹ̀lì pupa fúnra rẹ̀ ń ṣe, tí à ń pè ní 2,3-BPG. Ruth àti Reinhold Benesch ló fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní 1967. Ihò kan wà láàárín ẹ̀wọ̀n β méjèèjì, inú ihò yìí ló ń wọ̀ nígbà tí hẹmoglóbìn bá wà ní ipò T, bí ìgbà tí a fi igi kọ́ ilẹ̀kùn kó má bàa padé. Láìsí i, hẹmoglóbìn á di ọ́síjìn mú jù. Ẹni tó bá lọ gbé lórí òkè gíga máa ń ní i púpọ̀ sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí a tọ́jú sí fìríìjì ilé ìwòsàn, ó máa ń dínkù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ara ẹni tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ náà sí ló ń dá a padà.

Ọmọ inú oyún kò ní ẹ̀dọ̀fóró tó ń mí. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti ń gba ọ́síjìn, láti inú ibi ọmọ. Kó tó lè gbà á, hẹmoglóbìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára ju ti ìyá lọ. Dípò ẹ̀wọ̀n β, ẹ̀wọ̀n γ ló ní, 2,3-BPG kì í sì í lè di ẹ̀wọ̀n γ mú dáadáa. Nítorí náà, ní ìfúnpá kan náà, ti ìyá á jọ̀wọ́, ti ọmọ á gbà.

Àlejò tí kì í dìde

Gáàsì kan wà tó mọ ìjókòó ọ́síjìn ju ọ́síjìn lọ. Kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì ni, tí àmì rẹ̀ jẹ́ CO. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, èéfín mọ́tò àti èéfín èédú tí a dá sínú yàrá tí a ti pa. Ipá tó fi ń di hẹmoglóbìn mú ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Bí ìdá kan péré nínú ẹgbẹ̀rún afẹ́fẹ́ yàrá bá jẹ́ CO, tí ènìyàn sì ń mí i pẹ́, ó lè gba nǹkan bí ìdajì gbogbo ìjókòó inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ìjókòó tí CO gbà ń fa ilé náà sí ipò R, ó sì há a síbẹ̀. Ọ́síjìn tó wà lórí àwọn ìjókòó tó kù kò rí àyè sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí CO gba ìdajì hẹmoglóbìn rẹ̀ fi wà nínú ewu ju ẹni tí àìtó ẹ̀jẹ̀ mú ìdajì tirẹ̀ lọ. Ara kì í sì í ké gbàjarè, nítorí ohun tí ara fi ń mọ̀ pé ọ́síjìn ti dínkù ń wo ìfúnpá ọ́síjìn tó yòrò sínú omi ẹ̀jẹ̀, ìyẹn kò sì yí padà. Orí á fọ́ni, ó á rẹni, oorun á gbéni lọ. Kódà ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti ka ọ́síjìn, tí gbogbo wa mọ̀ nígbà àrùn Kòrónà, a máa ṣìnà: pupa ẹ̀jẹ̀ ló ń fi iná méjì wò, ẹ̀jẹ̀ tí CO kún sì pupa fòò.

Mo bẹ ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ kọ́ àwọn ará ilé yín. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá, sí kọ́rídọ̀, tàbí sí abẹ́ fèrèsé, bó ti wù kí òjò pọ̀ tó, bó ti wù kí olè pọ̀ tó. Bí ẹ bá bá ẹnì kan nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ gbé e síta, ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni ìdajì CO fi ń jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní ojúlówó ọ́síjìn, nǹkan bíi wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ ni.

Fòníkú-fọ̀ladìde

Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin nílẹ̀ wa ló jẹ́ AS: wọ́n jogún hẹmoglóbìn A lọ́dọ̀ òbí kan, hẹmoglóbìn S lọ́dọ̀ èkejì. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, wọ́n lè bí ọmọ SS, tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé hẹmoglóbìn ẹni tó ní àìsàn yìí yàtọ̀. Ní 1956, ní Cambridge, Vernon Ingram bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka ibi tí ìyàtọ̀ náà wà gan-an: àmínò ásíìdì kan ṣoṣo, ìkẹfà lórí ẹ̀wọ̀n β. Valine ló wà níbi tó yẹ kí glutamate wà.

Valine kò fẹ́ràn omi. Bí hẹmoglóbìn S bá ti sọ ọ́síjìn rẹ̀ kalẹ̀, tó wọ ipò T, àyè kékeré kan máa ń ṣí sílẹ̀ lára rẹ̀ tó gba valine ti ẹlòmíràn wẹ́kú. Ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ èkejì, ìkẹta á lẹ̀ mọ́ ìyẹn, títí wọ́n á fi di okùn gígùn tó ń na sẹ́ẹ̀lì láti inú. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rọ̀ á tẹ̀ bíi dòjé, á le, á dí òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró. Ìrora inú eegun bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òtútù, òùngbẹ àti ibà máa ń jẹ́ kó tètè ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá wò ó: kì í ṣe gbígbé ọ́síjìn ló ń bá hẹmoglóbìn S jà. Ìgbà tó bá sọ ẹrù kalẹ̀ ni wàhálà dé. Bó bá sì padà dé ẹ̀dọ̀fóró, tó tún gba ọ́síjìn, okùn inú rẹ̀ á tú, sẹ́ẹ̀lì náà á tún rọ̀, yóò sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà títí awọ ara rẹ̀ á fi bàjẹ́. Àwọn baba wa wo ọmọ tó ń kú lọ lónìí tó tún dìde lọ́la, wọ́n sọ àìsàn náà ní fòníkú-fọ̀ladìde. Wọn ò rí sẹ́ẹ̀lì rí, ṣùgbọ́n orúkọ náà bá sẹ́ẹ̀lì mu.

Ọmọ SS kì í sábà ṣàìsàn yìí ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí hẹmoglóbìn inú oyún, tí kò ní ẹ̀wọ̀n β, ṣì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í sì í lẹ̀ mọ́ra. Láti ibẹ̀ ni ìtọ́jú kan ti jáde: oògùn hydroxyurea ń mú kí ara àgbà tún ṣe irú hẹmoglóbìn ọmọ inú oyún yẹn.

Ìdánrawò

Aboyún kan ní gírámù 75 hẹmoglóbìn nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ẹ tún ìṣirò tí a ṣe níbẹ̀rẹ̀ ṣe fún un, bí ọkàn rẹ̀ bá ń tú lítà 5 jáde ní ìṣẹ́jú kan, tí ara rẹ̀ sì ń ná mílílítà 250. Mélòó nínú ìdá mẹ́rin ẹrù rẹ̀ ló kù nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sọ́dọ̀ ọkàn? Nọ́ọ̀sì há ẹ̀rọ mọ́ ìka rẹ̀, ẹ̀rọ náà ka 98. Ṣé ẹ̀rọ náà parọ́ ni? Ẹ sọ ohun tó ń kà àti ohun tí kò lè kà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá alápatà àdúgbò yín láàárọ̀, ẹ ní kó la ẹ̀jẹ̀ dídì kan fún yín, kí ẹ sì fi aago wo ìṣẹ́jú mélòó tí inú rẹ̀ fi pọ́n.